Ìjábẹ̀ Kì í Ṣe Ìgbálẹ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ohun Èlò Ilé Ìdáná

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún kíkà sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí ó pé jọ ní ilé ìkàwé abúlé)

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé tọ̀ yín wá ní òní kò jìnnà sí ilé. Ilé ìdáná ni mo fẹ́ kí a jọ wọ̀ lọ, kí a wo àwọn ohun èlò tí ó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a pè wọ́n ní orúkọ, kí a sì bi ara wa léèrè iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe olúkúlùkù wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ìyá kan máa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Kí ni ó kù nínú ọ̀rọ̀ ìkòkò àti ọlọ tí a óò tún kọ́ mi? Ṣé kì í ṣe ìdí ààrò ni mo dàgbà sí?” Ìyá wa, òótọ́ ni ẹ sọ. Ó sì ṣeé ṣe kí bàbá kan máa nawọ́ sí fìlà rẹ̀ láti dìde, nítorí pé ó rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Ẹni tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì oògùn koríko wọ inú ilé lọ kì í sábà jẹ́ obìnrin. Nígbà tí a bá dé ibẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìjábẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọwọ̀ ni ìjábẹ̀, ọwọ̀ náà sì ni ìgbálẹ̀. Ara imọ̀ ọ̀pẹ kan náà ni a ti fá àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń wọ inú ìkòkò láti lu ewédú títí yóò fi kúnná, èkejì sì ń wọ inú eruku àgbàlá. Kò sí ìyàwó ilé kan tí yóò sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, òun yóò fi èyí tí òun fi gbá ìdí àkéte lu ewédú fún ọkọ òun. Bí ó tilẹ̀ fọ̀ ọ́ ní ìgbà méje, ọkàn rẹ̀ kò ní gbà á. Nínú èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà: iṣẹ́ tí a yàn fún ohun èlò ni a fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ohun tí a fi ṣe é nìkan. Bí iṣẹ́ bá ti yàtọ̀, ohun èlò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Àwọn ìyá wa mọ èyí ní ti ọwọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a mọ̀ ọ́n ní ti kẹ́ẹ̀gì, ní ti ìgò, ní ti ọ̀bẹ àti ní ti ẹ̀rọ ìlọta pẹ̀lú, nítorí pé nínú ìwọ̀nyí ni ikú ń gbà wọlé.

ORÚKỌ NI ÌBẸ̀RẸ̀ ÌMỌ̀

Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ohun èlò kò lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Ẹ wo bí èdè wa ti ṣọ́ra tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀bẹ ni a fi ń gé ẹran. Ọbẹ̀ ni a fi ń jẹ iyán. Agbada ni a fi ń din gaàrí. Agbádá ni àwọn bàbá wa ń wọ̀ lọ sí òde. Orógùn ni igi tí a fi ń ro ọkà. Orogún ni ìyàwó kejì nínú ilé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ràn láti máa kọ̀wé láìfi àmì sí orí ọ̀rọ̀, ẹ kíyè sára. Bí ọkọ kan bá kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ láti ìrìn àjò pé òun ti rí orógùn tuntun kan tí ó dára, òun sì ń mú un bọ̀ wálé, tí kò fi àmì sí i, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ó bá bá ilẹ̀kùn ní títì.

Òmíràn nínú àwọn orúkọ náà tilẹ̀ ń sọ iṣẹ́ ohun èlò fún wa. Asẹ́ ni a fi ń sẹ́ ohun olómi. Ajọ̀ ni a fi ń jọ̀ ohun gbígbẹ. Ìdérí ni ó ń dé orí ìkòkò. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wa bá ń pe ohun gbogbo tí ó ní ihò ní “nǹkan yẹn”, tí ó sì ń pe ohun gbogbo tí ó jinnú ní “abọ́”, orúkọ nìkan kọ́ ni ó ń sọnù. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú orúkọ náà ń bá a lọ.

ÀWỌN OHUN ÈLÒ OMI

Àmù ni olórí nínú àwọn ohun èlò omi. Ìkòkò amọ̀ ńlá ni, tí a ń tọ́jú omi mímu sí. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Ìlọrin, pàápàá ní àdúgbò Òkèlele, àti àwọn ti Ìpetumodù, gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ìkòkò mímọ láti ayé àwọn baba wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè rí ohun tí ó mú kí omi àmù tutù láìsí ẹ̀rọ kankan? Ara amọ̀ tí a sun ní àwọn ihò tín-ín-rín tí ojú kò lè rí. Omi ń gba inú ihò wọ̀nyí yọ sí ẹ̀yìn ìkòkò, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gbé ooru inú àmù lọ. Nítorí èyí ni omi àmù fi ń tutù jù lọ ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀ ní ìgbà òjò. Ẹni tí ó bá fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn àmù rẹ̀ nítorí ẹwà ti dí àwọn ihò náà, omi rẹ̀ kò sì ní tutù mọ́.

Ṣùgbọ́n àmù ní àléébù kan: ẹnu rẹ̀ gbòòrò. Ẹni gbogbo ni ó lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi lè mọ́ nígbà tí a pọn ọ́n ní kànga, kí ó sì ti bàjẹ́ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ọwọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbẹ́ dé ti wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àrunṣu àti onígbáméjì ṣe ń ti ọwọ́ ẹnìkan dé ẹnu gbogbo ilé. Nítorí náà, ohun èlò méjì ni ó yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Èkíní ni èyí tí a fi ń bu omi. Kí ó ní ìdìmú gígùn, kí a fi í kọ́ sí ara ògiri, kí ẹnikẹ́ni má sì fi kan ẹnu. Èkejì ni ife tí a fi ń mu. Ẹni tí ó fi ohun ìbumi mu omi, tí ó sì tún tì í bọ inú àmù, ti da itọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ omi ilé. Kí àmù ní ìdérí ní gbogbo ìgbà. Bí agbára bá wà, ohun èlò tí ẹnu rẹ̀ tóóró, tí ó sì ní ẹ̀rọ omi kékeré ní ìdí, sàn jù fún omi mímu, nítorí pé ọwọ́ kò lè wọ inú rẹ̀. Omi tí a bá sì ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀, kí a sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán, kí a jẹ́ kí ó tutù nínú ìkòkò tí a sè é, kí a tó dà á sí ibi tí a óò ti máa bù ú.

ÀWỌN OHUN ÈLÒ ORÍ INÁ

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ni àwọn àgbà wí. Lórí òkúta mẹ́ta wọ̀nyí ni a ń gbé ìkòkò, ìṣaasùn àti agbada kà, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Ìkòkò jinnú, ohun tí a fẹ́ sè nínú omi púpọ̀ ni a ń gbé sí i, bí iṣu, ẹ̀wà tàbí àgbàdo. Ìṣaasùn kéré jù ú lọ. Ti ọbẹ̀ ni. Amọ̀ rẹ̀ ń gba ooru díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mú un pẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ọbẹ̀ inú rẹ̀ ṣì ń hó nígbà tí a ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Agbada ní tirẹ̀ tẹ́jú, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò. Kì í ṣe nítorí ẹwà. Ẹ wo iṣẹ́ gaàrí. Gbágùúdá ní májèlé nínú, pàápàá èyí tí ó korò. Nígbà tí a bá rin ín, tí a dì í sínú àpò kí ó kan fún ọjọ́ mélòó kan, tí a sì fún omi rẹ̀ kúrò, apá tí ó pọ̀ jù nínú májèlé náà ti bá omi lọ. Nínú agbada ni èyí tí ó kù ti ń bá oruku gbígbóná jáde, nígbà tí a bá ń fi àfọ́kù igbá rò ó sókè sódò. Nítorí pé ẹnu agbada gbòòrò ni oruku náà fi ń rí ọ̀nà lọ. Bí ẹnìkan bá kó gaàrí tútù sínú ìkòkò tí ó jinnú láti din ín, yóò di ìṣù, inú rẹ̀ yóò sì wà ní tútù. Ṣé ẹ rí i pé àwọn ìyá wa kò ṣèèṣì yan agbada?

Nísinsin yìí, ìkòkò tí a fi irin ṣe ti gba ipò amọ̀ ní ilé púpọ̀. Mo fẹ́ kí a ṣọ́ra nípa irú kan nínú wọn: èyí tí a dà láti ara ògbólógbòó alumíníọ̀mù, tí a yọ́ ara ẹ̀rọ ọkọ̀, agolo àti oríṣiríṣi àjákù pọ̀ láti fi ṣe. Àwọn olùwádìí tí ó yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò láti orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2014. Wọ́n rí i pé òjé ń ti ara ìkòkò náà yọ́ wọ inú ohun tí a bá sè nínú rẹ̀. Òjé a máa pa ọpọlọ ọmọdé lára, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti wí pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ohun tí ó bá kan ni ó ń tètè yọ irin jáde. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọbẹ̀ tòmátì tàbí ògì sílẹ̀ sùn nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá lágbára láti ra ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, kí ó rà á fún ọbẹ̀. Bákan náà ni korobá páànù tí a fi ń pọn omi. Omi ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá po ohun mímu kíkan, bí omi ọsàn, sínú rẹ̀ fún ìnáwó, tí ó sì jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀, lè fi inú rírun àti èébì ṣe àlejò fún àwọn tí ó pè.

ÀWỌN OHUN ÈLÒ ÌRÒ, ÌLỌ̀ ÀTI ÌSẸ́

Igi ni a fi ń gbẹ́ orógùn, nítorí pé igi kì í tètè gbóná dé ọwọ́ bí irin. Ìgbakọ ni a fi ń bu ọkà tí a ti rò. Bí a bá kọ́kọ́ tì í bọ omi, ọkà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì yọ́ bọ́ sínú àwo ní rọ̀bọ̀tọ̀. Orógùn ń rò, ìgbakọ ń bù. Ẹni tí ó fi ìgbakọ ro ọkà yóò ṣẹ́ ẹ. Ẹni tí ó sì fi orógùn bu ọkà yóò jẹ́ kí àlejò rí wúruwùru nínú àwo.

Ọlọ jẹ́ òkúta pẹrẹsẹ, ọmọ ọlọ sì ni èyí tí ọwọ́ ń mú. Odó jẹ́ igi tí a gbẹ́ nínú, ọmọ odó sì ni èyí tí a fi ń gún. Ọlọ ń mú nǹkan kúnná nípa fífi òkúta yí òkúta. Ti ata, ti ẹ̀gúsí àti ti ẹ̀wà tí a bó ni. Odó ń fọ́ nǹkan, ó sì ń pò ó pọ̀ nípa lílù láti òkè. Ti iyán ni. Nígbà tí ojú ọlọ bá ti dán jù, a óò fi òkúta líle kàn án ní díẹ̀díẹ̀ kí ó lè tún mú ata. Lẹ́yìn náà, kí a fọ̀ ọ́ dáradára, kí a fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan lọ̀ ọ́, kí a sì da ìyẹn nù, kí iyanrìn má bàa bá ata wọ inú ọbẹ̀. Odó iyán kò gbọ́dọ̀ di odó àgbo tàbí odó ọṣẹ. Igi a máa mu ohun tí a bá gún nínú rẹ̀.

Àwọn oníhò mẹ́ta ni àwọn ọmọdé máa ń dà pọ̀ jù. Asẹ́ ni ti ògì: omi ògì ń kọjá, èérí rẹ̀ ń kù. Ajọ̀ ni ti èlùbọ́ àti ti gaàrí: lẹ́búlẹ́bú ń kọjá, kókó ń kù. Ajere ni ìkòkò amọ̀ tí a dá ihò sí lára káàkiri. Omi kò lè dúró nínú rẹ̀, ooru sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá ránṣẹ́ sí ajọ̀ tí ọmọ sì gbé asẹ́ wá, kí ó má ṣe nà án. Kí ó gbé méjèèjì sí iwájú rẹ̀, kí ó da omi sí ọ̀kan, kí ó da èlùbọ́ sí èkejì. Ojú rẹ̀ yóò ṣí, kò sì ní gbàgbé mọ́.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ DÍDA IṢẸ́ PỌ̀

Mo wí ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ikú ń gba inú ohun èlò wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ọdún 2010, ní àwọn abúlé bíi Yargalma àti Dareta ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń wa kùsà wúrà láti wá oúnjẹ òòjọ́. Wọ́n ń ru òkúta náà wá sí àgbàlá ilé wọn. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún lílọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Wọn kò mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú òkúta tí ó ru wúrà náà. Eruku rẹ̀ bà lé ilẹ̀ àgbàlá, ó bà lé aṣọ, ó wọ inú kànga àti inú oúnjẹ. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ń rá kòrò lórí ilẹ̀ ń fi ọwọ́ kó o sí ẹnu. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe ìjà. Àwọn baba wọn kò fẹ́ ibi fún wọn. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rọ oúnjẹ ni a gbé iṣẹ́ kùsà lé lọ́wọ́, àgbàlá tí ọmọ ń ṣeré sì ni a sọ di ibi iṣẹ́ náà.

Ẹnìkan lè wí pé, “Kò sí wúrà ní abúlé tiwa.” Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì wà. Ẹ̀yin bàbá, ibi tí mo ní kí ẹ dúró dè nìyí. Nígbà tí oògùn koríko tàbí oògùn apakòkòrò bá tán nínú kẹ́ẹ̀gì, ike náà á ṣì lágbára, ìdérí rẹ̀ á ṣì dé. A ó wò ó pé ó ṣeni láàánú láti sọ ọ́ nù. A ó fọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta, òórùn rẹ̀ yóò lọ, ìyàwó yóò sì rọ epo pupa sí i, tàbí kí ọmọ gbé omi mímu sínú rẹ̀ lọ sí oko. Ike a máa mu oògùn sí ara. Ohun tí ó ti mu yóò máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ sínú epo àti omi. Ìwẹ̀ ìgbà mẹ́ta yẹn dára. Nígbà tí a bá ń po oògùn ni kí a ṣe é, kí a da omi rẹ̀ sínú ohun tí a fi ń fọ́n oògùn, kí a fọ́n ọn sí oko. Lẹ́yìn náà, kí a fi ìṣó dá ihò sí kẹ́ẹ̀gì náà lára, kí ó má bàa wu ẹnikẹ́ni láti lò ó mọ́.

Èkejì ni ìgò. Epo kẹrosíìnì, tí àwọn àgbà ń pè ní epo òyìnbó, funfun bí omi. Bí a bá rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ yóò gbé e mu. Kò ṣẹ̀, ìgò ni ó purọ́ fún un. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun láti mú un bì. Bí kẹrosíìnì bá ń padà bọ̀ láti inú, ó lè yà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ó sì ti ń pani. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀bẹ. Àwọn àgbà wí pé bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo fi kún un pé bí ó ti mú tó, kò lè fọ ara rẹ̀. Ọ̀bẹ tí a fi gé ẹran tútù tàbí adìyẹ gbé kòkòrò àìfojúrí lójú. Nínú ẹran, iná yóò pa àwọn kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀bẹ kan náà, lórí pákó kan náà, gé tòmátì tútù tàbí ọ̀pẹ̀yìnbó tí kò ní kan iná, tààrà ni wọn yóò wọ inú ẹni. Nínú ìmọ̀ràn márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2001 lórí oúnjẹ tí kò léwu, ọ̀kan ni pé kí a ya ohun tútù sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ti sè, kí ọ̀bẹ àti pákó wọn sì yàtọ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ìmọ̀ràn márùn-ún ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Kò sí èyí tí ó gba owó púpọ̀ nínú wọn.

1. Kí ọ̀bẹ méjì wà ní ilé ìdáná. Kí a fi òwú pupa so èkù èyí tí í ṣe ti ẹran tútù, kí ọmọdé pàápàá lè mọ̀ ọ́n.

2. Kí ohun ìbumi àti ife mímu yàtọ̀, kí àmù sì ní ìdérí ní ọ̀sán àti ní òru.

3. Kí kẹrosíìnì, oògùn oko àti ọṣẹ olómi má ṣe sùn ní ilé ìdáná. Kí a má ṣe rọ èyíkéyìí nínú wọn sínú ìgò tàbí agolo oúnjẹ. Kí a gbé wọn sí ibi gíga tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, kí a sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀.

4. Kí kẹ́ẹ̀gì oògùn tí ó ti tán gba ihò lára ní ọjọ́ kan náà tí ó tán. Kí a má ṣe rà á ní ọjà fún epo tàbí omi, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó.

5. Kí a kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ní orúkọ àti iṣẹ́ àwọn ohun èlò wọ̀nyí. Ọmọkùnrin tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun èlò oúnjẹ àti ohun èlò oko ni yóò di bàbá tí ń gbé kẹ́ẹ̀gì wálé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

Kí ẹ tó tú ká, kí olùkàwé bi ìjọ ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, kí a sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ dáhùn:

Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín asẹ́, ajọ̀ àti ajere?

Èé ṣe tí ẹnu agbada fi gbòòrò ju ti ìkòkò lọ?

Ohun èlò mélòó ni ó wà ní ilé yín tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì tí kò yẹ kí ó pàdé? Èwo ni ẹ óò kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní alẹ́ òní?

Ìbéèrè ìkẹta yìí kò ní ìdáhùn nínú ìwé. Ilé olúkúlùkù ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Bí ẹ bá délé, ẹ fi fìtílà wo abẹ́ tábìlì àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí ẹ bá rí kẹ́ẹ̀gì tí ẹ kò lè sọ ohun tí ó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá epo tàbí omi mímu nínú rẹ̀.